Irin Méjì Tí Mo Gbé Sábẹ́ Kóòtù

Àwọn ọ̀dọ́ ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Àkúrẹ́ ló ní kí àwa tí a ti fẹ̀yìn tì máa kọ ìtàn iṣẹ́ wa lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ẹ̀yin tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń jáde nílé ìwé lè rí ohun tí ẹ óò fi yan iṣẹ́. Ẹni tó kọ tirẹ̀ ṣáájú mi ṣiṣẹ́ ní báńkì. Ó kọ ọ́ dáadáa, ìtàn rẹ̀ mọ́ tónítóní bí kọ́là ẹ̀wù rẹ̀. Tèmi kò ní mọ́ tó bẹ́ẹ̀. Ajórin ni mí, wẹ́dà lẹ̀yin ń pè é, ogójì ọdún ó lé díẹ̀ ni mo sì fi ṣe é kí ojú mi tó kọ̀ mí. Bí ẹ bá ń wá ìtàn tí yóò mú inú yín dùn, ẹ ṣí ìwé sẹ́yìn kí ẹ lọ ka ti báńkì.

Bàbá Táyọ̀ ni gbogbo ayé mọ̀ mí sí. Ọ̀dà ni wọ́n bí mi sí. Bàbá mi dá oko kòkó, ó sì fẹ́ kí n tẹ̀ lé òun, ṣùgbọ́n èmi àti ọkọ́ kò rẹ́. Ìgbà tí mo fi ọkọ́ ṣá ara mi lẹ́sẹ̀ lẹ́ẹ̀kẹta láàárín oṣù kan, bàbá mi ní ó jọ pé irin fẹ́ràn mi ju ilẹ̀ lọ, kí wọ́n kúkú mú mi lọ síbi tí wọ́n ti ń fi irin ṣiṣẹ́. Bí mo ṣe dé Oǹdó nìyẹn, lọ́dọ̀ Ọ̀gá Akindúró. Kò sí ohun púpọ̀ láti sọ nípa bí wọ́n ṣe gbà mí. Wọ́n kọ ọdún márùn-ún sínú ìwé, mo tẹ̀ka, bàbá mi sì wọ ọkọ̀ padà sílé.

Ọ̀gá Akindúró kò ga, kò sì sanra, ṣùgbọ́n bó bá yọ lókèèrè, àwa ọmọ iṣẹ́ á ti gbọ́ ìró bàtà rẹ̀ nínú ọkàn wa. Kì í pariwo. Ọ̀gá tó ń pariwo, ẹ lè bá a gbé. Ẹ sá fún èyí tó ń rọra sọ̀rọ̀. Odindi ọdún kan ni mo lò níbẹ̀ tí n kò fọwọ́ kan iná. Iṣẹ́ mi ni kí n máa nu irin. Bó bá ti di ìrọ̀lẹ́, gbogbo ohun tó bá jẹ́ irin nínú ṣọ́ọ̀bù yẹn, òòlù, ẹ̀mú, fáìlì tí a fi ń fá irin, títí kan èyí tó ṣẹ́ kù lára irin géètì, mo gbọ́dọ̀ fi àkísà tó mu ọ́ìlì nù ún, kí n fi aṣọ fílánẹ́ẹ̀lì pupa wé e, kí n sì gbé e wọlé. Ọ̀gá á ní, “Irin kì í sùn níta.” Láàárọ̀, yóò mú áńkáṣíìfù funfun jáde lápò, yóò fi fa ojú fáìlì kan tó bá wù ú. Bí áńkáṣíìfù bá pọ́n, ẹ̀rín a kú lẹ́nu gbogbo wa.

Ní ọjọ́ kan, òjò ká fáìlì ńlá kan mọ́ orí bẹ́ǹṣì níta nígbà tí mo ń jẹun lọ́wọ́. Mo gbàgbé rẹ̀ síbẹ̀ di ọjọ́ kejì. Ọ̀gá kò nà mí. Ọjọ́ yẹn gan-an ló fẹ́ kọ́ wa ní irin jíjó fún ìgbà àkọ́kọ́, gbogbo àwọn ẹgbẹ́ mi sì ti wọ gíláàsì dúdú, wọ́n ń yọ̀. Ó gbé fáìlì yẹn lé mi lọ́wọ́, ó gbé eérú àti àkísà tì mí, ó ní kí n kọ ẹ̀yìn sí iná, kí n máa fi eérú fọ ìdógùn-ún rẹ̀ kúrò títí yóò fi mọ́. Títí ọ̀sán ni mò ń gbọ́ tí iná ń ta fàṣàfàṣà lẹ́yìn mi, tí àwọn ẹgbẹ́ mi ń pariwo ayọ̀, tí n kò sì gbọdọ̀ bojú wẹ̀yìn. Mo sunkún sínú eérú. Nígbà tí mo parí, ó yẹ fáìlì náà wò, ó sì sọ̀rọ̀ kan tí n kò gbàgbé rí.

“Ọjọ́ tí òjò bá tún ká irin mọ́ta, tí o kò rí aṣọ, ara rẹ ni kó o fi bò ó. Ara rẹ á gbẹ. Irin tó bá ti dógùn-ún, ó ti lọ.”

Ẹ̀kọ́ yẹn wọ̀ mí lára. Alágbẹ̀dẹ tó ń lu irin lójú kan náà, ó ní ohun tó fẹ́ fà yọ níbẹ̀, ohun tí Ọ̀gá Akindúró sì fà yọ lára mi ni pé ọwọ́ mi kò lè rí irin nínú omi kó má lọ gbé e. Ní ọdún kẹta, ìjì kan ká wa mọ́ ibi tí a ti ń gbé géètì ilé ìwé kan ró. Mo bọ́ ẹ̀wù mi, mo fi bo àwọn irinṣẹ́, mo sì sùn lé wọn lórí títí òjò fi dá. Ọ̀gá wò mí bí mo ṣe ń gbọ̀n, ó sọ fún ìyàwó rẹ̀ pé, “Ẹ bu oúnjẹ fún un, kẹ́ ẹ sì fi ẹran sí i.” Ẹni tó bá mọ ọkùnrin náà yóò mọ̀ pé oríyìn tó tóbi jù lọ nìyẹn. Inú mi dùn fún oṣù kan.

Lẹ́yìn tí mo gba fíríìdọ̀ọ̀mù, mo padà sí Àkúrẹ́, mo ṣí ṣọ́ọ̀bù sí ojú ọ̀nà Ọ̀dà. Kábáàdì la fi ń jó irin nígbà náà, ó ń rùn bí ẹyin tó ti bàjẹ́, aṣọ wa kì í sì í bọ́ lọ́wọ́ òórùn náà. Nígbà tó yá, ẹ̀rọ oníná dé, ńlá bí àpótí òkú, èèyàn mẹ́rin ló ń gbé e. Iná ìjọba á mú un, iná ìjọba á sì fi í sílẹ̀. A ra jẹnẹrétọ̀. Lóde òní, ẹ̀rọ ìjórin kò ju báàgì obìnrin lọ, ọmọkùnrin kan á gbé e kọ́ èjìká, á gun ọ̀kadà lọ síbi iṣẹ́. Mo bá gbogbo wọn ṣe é. Ohun kan tí n kò pààrọ̀ ni fílánẹ́ẹ̀lì pupa. Kò sí irinṣẹ́ mi kan tó dógùn-ún rí, àwọn oníbàárà mi sì ń fi ṣe àkàwé. Ẹ̀yin tí ẹ bá fẹ́ ṣe iṣẹ́ yìí, ẹ ra gíláàsì dúdú tó dára, nítorí ojú kò ní ìpààrọ̀.

Mo ti lé lọ́gọ́ta ọdún nígbà tí Mojísọ́lá wọ ṣọ́ọ̀bù mi. Ọmọ Oǹdó ni, ó ga, itan rẹ̀ le bí ti ẹni tó ń sáré, ó sì mú fóònù lọ́wọ́.

“Ẹ káàsán sà. Bàbá, mo fẹ́ kí ẹ bá mi ṣe nǹkan kan.”

“Géètì ni àbí irin ojú fèrèsé?”

“Ohun tí mo fẹ́ dùbúlẹ̀ lé ni, sà.”

“Bẹ́ẹ̀dì onírin nìyẹn.”

“Rárá o. Ohun tí mo fẹ́ dojú bolẹ̀ lé, kí n ki orí ṣáájú, kó sì máa sáré ju ọkọ̀ lọ.”

Mo bọ́ gíláàsì mi. “Ọmọ, ṣé àwọn ará ilé rẹ mọ̀ pé o jáde?”

Ó rẹ́rìn-ín, ó sì fi fóònù hàn mí. Eré òyìnbó kan ni. Wọ́n á ṣe ọ̀nà gígùn kan sórí òkè, tí omi dídì bo gbogbo inú rẹ̀, tó ń lọ́ kọ́lọkọ̀lọ wá sísàlẹ̀. Àwọn kan á jókòó sínú ohun kan tó dà bí ọkọ̀ ojú omi, wọ́n á yọ̀ sọ̀kalẹ̀; bọ́bùsílẹ́ẹ̀dì nìyẹn. Àwọn tí ti wọn tún le jù á dojú bolẹ̀ lé orí pẹpẹ irin pẹlẹbẹ kan, àgbọ̀n wọn kò ní ju ìka mélòó kan lọ sí ilẹ̀; ìyẹn ni wọ́n ń pè ní sikẹ́lítìnì, òun ni Mojí ń ṣe. Irin gbọọrọ méjì ló wà lábẹ́ pẹpẹ náà, bí ẹsẹ̀. Lórí irin méjì yẹn ni gbogbo eré náà wà. Mojí ti sáré ẹlẹ́sẹ̀ fún ìpínlẹ̀ wa rí, ó lọ kàwé sókè òkun, ibẹ̀ ni wọ́n ti rí itan rẹ̀ tí wọ́n sì fi eré yìí lọ̀ ọ́. Ó wálé ìsinmi ni, kò sì fẹ́ kí ara òun tutù. Ó fẹ́ pẹpẹ tó ní táyà, tí yóò máa fi kọ́ bí wọ́n ṣe ń tì í sáré kí wọ́n tó fò lé e.

Mo ṣe é fún un. Mo fi bẹ́ríìnì ọmọlanke ṣe táyà rẹ̀. Nígbà tí a gbé e lọ sí títì kan tó da gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ lẹ́yìn ilé wa láti dán an wò, gbogbo àdúgbò jáde. Ìyá àgbàlagbà kan tó ń ti oko Ìjù bọ̀ rí Mojí níbi tó dojú bolẹ̀, ó sọ ẹrù rẹ̀ kalẹ̀, ó ní, “Ọmọ mi, ṣé kò sí ulé tó o lè sùn sí ni?” Ẹ̀rín pa wá. Àwọn ọjọ́ yẹn dùn, n kò ní purọ́. Ó máa ń wá jẹun lọ́dọ̀ wa, ó sì ń pe ìyàwó mi ní Mọ́mì.

Ọdún méjì lẹ́yìn náà, ó pè mí láti òkè òkun. Òyìnbó tó ń bá a tọ́jú irin ti lọ sọ́dọ̀ àwọn mìíràn. Eré kan ń bọ̀. Bó bá parí eré yẹn, tí wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ pé ó parí rẹ̀, yóò bá wọn lọ sí ìdíje àgbáyé, níbi tí gbogbo orílẹ̀-èdè ti ń gbé àsíá wọn kiri. Bí kò bá parí rẹ̀, ọjọ́ orí àti orúnkún rẹ̀ kò ní jẹ́ kó tún rí àyè mìíràn. “Bàbá,” ó ní, “n kò mọ ẹni tó mọ irin jù yín lọ.” Ta ni wọ́n á sọ bẹ́ẹ̀ fún tí orí rẹ̀ kò ní wú? Wọ́n ṣe ìwé fún mi, mo wọ ọkọ̀ òfuurufú fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé mi.

Òtútù ibẹ̀, n kò lè fi ẹnu sọ ọ́. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ náà yé mi lójú ẹsẹ̀. Ẹ ó fi sánpépà fá irin náà, láti orí èyí tó rí ṣákiṣàki dé orí èyí tó kúnná bí awọ ọmọ jòjòló, títí ẹ óò fi rí ojú ara yín nínú rẹ̀. Àwọn òyìnbó tó wà nítòsí á dúró wò mí. Ọ̀kan bẹ̀ mí pé kí n bá òun yẹ tirẹ̀ wò. Mo rántí ọ̀gá mi, mo ní bó bá wà láyé ni, yóò ní kí wọ́n fi ẹran sí oúnjẹ mi.

Mojí kọ́ mi ní òfin kan ṣoṣo. Ó jókòó tì mí, ó sì sọ ọ́ bí ẹni tó ń kọ́ ọmọdé. “Bàbá, láàárọ̀ ọjọ́ eré, ìta ni irin gbọ́dọ̀ wà. Bí yìnyín bá bò ó mọ́lẹ̀, ẹ fi sílẹ̀. Irin tó bá lóoru máa ń yọ̀ ju èyí tó tutù lọ, torí náà wọ́n ka mímú irin gbóná sí ojoro. Àwọn alábòójútó eré á gbé irin tiwọn kọ́ síta, wọ́n á sì fi ẹ̀rọ wo bí tèmi ṣe gbóná tó, kí wọ́n fi wé e. Bó bá ju tiwọn lọ, wọ́n á lé mi.”

“Mo gbọ́,” ni mo sọ. Mo gbọ́ lóòótọ́. Mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé kì í ṣe pé kò yé mi.

Láàárọ̀ ọjọ́ náà, Mojí lọ sáré díẹ̀ kí ara rẹ̀ lè yá. Mo tẹ́ irin méjèèjì sórí tábìlì níta, mo dúró tì wọ́n. Ojú ọjọ́ mọ́. Nígbà tó yá, yìnyín bẹ̀rẹ̀ sí rọ̀, kì í ṣe irú tiwa tó máa ń lu páànù, tiwọn rọ̀ bí ìyẹ̀fun ni, ó sì ń di omi bó ṣe ń balẹ̀. Omi kán sórí irin kìíní. Mo wò ó. Òmíràn kán sórí ìkejì. Mo gbé ọwọ́ mi sápò. Irin tí mo fi gbogbo ọ̀sẹ̀ fá, tó ń dán, omi ń ṣàn lórí rẹ̀ níṣojú mi. Mo sọ fún ara mi pé kí n kàn nù ún, ìṣẹ́jú méjì, kí yìnyín yìí dá. Fílánẹ́ẹ̀lì mi wà lọ́rùn mi. Mo nù wọ́n, mo wé wọn, mo sì gbé wọn sábẹ́ kóòtù mi, mo gbá wọn mọ́ àyà. Yìnyín kò dá. Mo dúró síbẹ̀ bí ìyá tó gbé ìkókó, ara sì tù mí. Ara tù mí, ẹ̀yin ọmọ. Ohun tó ń dùn mí jù nìyẹn. Nígbà tí wọ́n kígbe pé ó kù díẹ̀ kí wọ́n pe Mojí, mo yọ wọ́n jáde, wọ́n gbẹ, wọ́n ń dán, mo sì fi bóòtù àti nọ́ọ̀tì so wọ́n mọ́ abẹ́ pẹpẹ. Inú mi dùn sí iṣẹ́ mi.

Ọkùnrin kan nínú àwọn alábòójútó gbé ẹ̀rọ tó fi ń wọn ooru lé irin náà. Ó wò ó. Ó tún gbé e lé e. Ó pe ẹnìkejì rẹ̀. Ìgbà yẹn ni ohun tí mo ṣe yé mi. Ọkùnrin náà nàró, ó sì béèrè lédè Gẹ̀ẹ́sì pé ta ló tọ́jú irin yìí. Gẹ̀ẹ́sì mi tó ìyẹn. Mo fa kóòtù mi mọ́ra. Mojí fi àṣíborí rẹ̀ sábẹ́ apá, ó yíjú sí mi. Etí fílánẹ́ẹ̀lì pupa ti yọ jáde láàárín bọ́tìnnì kóòtù mi. Ó wò ó pẹ́ díẹ̀.

“Èmi ni,” ó sọ fún ọkùnrin náà. “Èmi ni mo tọ́jú rẹ̀.”

Wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀. Wọ́n pa orúkọ rẹ̀ rẹ́. Wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Mo wà lọ́jà níjọ́ náà, mo dúró, mo ń wò, orí ọmọ ọlọ́mọ wọ́.

Mo bá a nínú ilé tí wọ́n ti ń pààrọ̀ aṣọ. Ó ń bọ́ bàtà oníṣòó rẹ̀, ó ń so okùn wọn pọ̀. Mo ní, “Mojí, jẹ́ kí n lọ bá wọn.” Ó ní, “Bàbá, ẹ jọ̀ọ́. Ẹni yòówù kó jẹ́wọ́, wọn ò ní jẹ́ kí n sáré mọ́. Wọ́n á kàn máa fi yín ṣe yẹ̀yẹ́ nílé, pé bàbá arúgbó ló ba eré jẹ́. Ẹ má sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni.” Mo sì gbọ́ràn sí i lẹ́nu. Ẹ wò bí mo ṣe mọ òfin pa mọ́ nígbà tó bá rọ̀ mí lọ́rùn.

Kí a tó dé, ìròyìn ti dé. Rédíò sọ ọ́ ní Àkúrẹ́ pé wọ́n lé ọmọ wa kan nínú eré òkè òkun torí pé ó mú irin gbóná. Àwọn èèyàn kò mọ ohun tí sikẹ́lítìnì jẹ́, ṣùgbọ́n gbogbo wọn mọ ohun tí ojoro jẹ́. Èyí tó burú jù ni pé Tíṣà ni ìyá rẹ̀. Gbogbo Oǹdó mọ Màmá Tíṣà. Òun ló gba ìwé ìdánwò lọ́wọ́ ọmọ àbúrò ara rẹ̀ nínú gbọ̀ngàn, tó sì tì í jáde, nítorí ó bá bébà nínú ìbọ̀sẹ̀ rẹ̀. Nígbà tí Mojí wọlé, ìyá rẹ̀ kò béèrè ju ohun kan lọ: “Ṣé ìwọ lo ṣe é?” Mojí mọ̀ pé bí òun bá sọ òtítọ́, lẹ́tà ni ìyá òun yóò kọ sí ilé ìròyìn lọ́jọ́ kejì, orúkọ mi yóò sì wà nínú rẹ̀. Ó ní, “Èmi ni, Mà.” Màmá dìde, ó já fọ́tò Mojí tó gbé àsíá lọ́wọ́ nígbà tó ṣì ń sáré ẹlẹ́sẹ̀ kúrò lára ògiri, ó kó o sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Kò tún mẹ́nu ba ọ̀rọ̀ náà mọ́. Ó ń se oúnjẹ fún ọmọ rẹ̀, ó ń bá a gbàdúrà, ṣùgbọ́n kò wò ó lójú bí i tàtẹ̀yìnwá mọ́. Mojí ló sọ gbogbo èyí fún mi lọ́jọ́ tó wá kí wa, ó sọ ọ́ bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ ojú ọjọ́.

Mo gbọ́ ọ, mo sì dákẹ́. Ọdún kan di méjì, méjì di mẹ́rin. Mojí di olùkọ́ eré ìdárayá ní ilé ìwé kan ní Oǹdó. Èmi ń jó géètì lọ. Bí mo bá ní iṣẹ́ ní Oǹdó, mo máa ń rán ọmọ iṣẹ́ mi. Ẹ má ṣe jẹ́ kí n fi ọ̀rọ̀ dídùn bò ó: ojú ló tì mí. Ojú tì mí pé èmi tí wọ́n ń fi ọwọ́ mi ṣe àkàwé, ọwọ́ yẹn náà ló ba ayé ọmọ jẹ́, bí ojú bá sì ti àgbà, ó lè fi ọmọdé bora bí aṣọ.

Ojú mi ṣókùnkùn díẹ̀díẹ̀, mo ti ṣọ́ọ̀bù. Ìgbà yẹn ni Mojí wá, tó ní Màmá ti ń gbàgbé nǹkan. Kò mọ ọjọ́ mọ́. Ó ń pe aládùúgbò ní orúkọ àbúrò rẹ̀ tó ti kú. Mo ní, “Ó mà ṣe o.” Mojí wo ilẹ̀. Ó ní, “Ohun kan ṣoṣo ni kò gbàgbé, sà. Láràárọ̀, bí mo bá gbé tíì fún un, á bi mí pé kí ló dé tí mo fi ṣe ojoro.” Kò bẹ̀ mí. Kò sọ pé kí n ṣe nǹkan kan. Ó mu omi, ó sì lọ wọ ọkọ̀.

Ní ọjọ́ kejì, Ọjọ́bọ̀ ni, mo wọ ọkọ̀ Oǹdó. Nígbà tí a ré kọjá Ọ̀wẹnà, mo ń ka ọ̀rọ̀ mi sínú bí ọmọ tó fẹ́ lọ jẹ́wọ́ olè. Mo bá Màmá lórí àga níwájú fèrèsé, ó wọ gíláàsì, ó mọ́ féfé. Mo dọ̀bálẹ̀, arúgbó fún arúgbó. Mo sọ ọ́ fún un láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin: yìnyín, fílánẹ́ẹ̀lì, kóòtù, ọ̀rọ̀ tí ọmọ rẹ̀ sọ torí mi. Ó fi ìka sí ẹ̀rẹ̀kẹ́, ó gbọ́ mi bí tíṣà ṣe ń gbọ́ ọmọ ilé ìwé.

“Ẹ̀yin lẹ gbé e sábẹ́ kóòtù?”

“Èmi ni, Mà.”

“Kí ló dé tí ẹ ò sọ ọ́ látọjọ́ yìí?”

“Ojú tì mí, Mà.”

Ó bọ́ gíláàsì rẹ̀. Ó ní, “Ẹ ò ṣe é dáadáa rárá. Ṣùgbọ́n ẹ ti sọ ọ́. Mo dárí jì yín.” Ó sì pariwo pe Mojí, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ilé ìwé dé, láti inú ilé, ó di ojú rẹ̀ mú ní ọwọ́ méjèèjì. “Ọma mi, o ò ṣe é! O ò ṣe é!” Ó ní kó lọ gbé fọ́tò jáde lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Mojí sunkún lọ́jọ́ yẹn, ẹni tí omi kò bọ́ lójú rẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n lé e. Mo rò pé ó ti tán. Mojí gbé fọ́tò kọ́, ó bu tíì fún wa, Màmá mu díẹ̀ níbẹ̀, ó wo ògiri.

“Mojísọ́lá,” ó ní, “ta ló tún gbé fọ́tò yìí kọ́ síbí lẹ́yìn ojoro tó o ṣe?”

Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Òótọ́ ni, ó bá a. Ṣùgbọ́n irọ́ ti wọlé sínú orí ìyá yìí nígbà tí ilẹ̀kùn ṣì ṣí sílẹ̀, ó ti ní àga tirẹ̀ níbẹ̀. Nígbà tí èmi fi máa gbé òtítọ́ dé, kò sí ibi tó lè jókòó sí mọ́. Ká ní mo lọ ní ọdún kìíní, yóò rántí rẹ̀ títí dòní.

Mojí ní kí n má ṣe wàhálà mọ́. Mo kọ̀. Mo máa ń lọ ní gbogbo Ọjọ́bọ̀. Bí mo bá sọ ọ́, Màmá á bi mí pé kí ló dé tí n kò sọ ọ́ látọjọ́ yìí, bí ẹni tí kò bi mí rí. N kò tíì rí èsì tó dára ju ti ìtìjú lọ. Yóò dárí jì mí. Yóò gbàgbé pé òun ti dárí jì mí. Mojí ti bẹ ilé ìwé rẹ̀ pé kí wọ́n má fi iṣẹ́ sí àárín ọ̀sán Ọjọ́bọ̀ fún òun. Yóò sáré wọlé, fèrè eré ṣì ń bẹ lọ́rùn rẹ̀, yóò jókòó síbi tí ọwọ́ ìyá rẹ̀ ti lè dé ojú rẹ̀, yóò sì máa retí kí n sọ̀rọ̀ dé ibi tí Màmá yóò ti di ojú náà mú. Ayọ̀ Màmá kì í pẹ́ ju bí ife tíì kan ṣe ń pẹ́ kó tó tutù lọ.

Ọjọ́bọ̀ tó kọjá, mo ti sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì, aago sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ lù fún Mojí láti padà sẹ́nu iṣẹ́. Màmá gbé ọwọ́ rẹ̀ kúrò lójú ọmọ rẹ̀, ó nù ún mọ́ aṣọ, ó yíjú kúrò. “Ojoro,” ó ní. “Nínú ilé tèmi.” Mojí ti dìde láti máa lọ. Ó wò mí, ó wo aago, ó sì tún jókòó. Mo sún àga mi mọ́ ti Màmá.

“Ẹ káàsán, Mà. Èmi ni wọ́n ń pè ní Bàbá Táyọ̀, ajórin, láti Àkúrẹ́. Mo wá jẹ́wọ́ nǹkan kan fún yín.”